Ère Orí Tábìlì: Ohun Tí A Sọ fún Bàbá àti Ọmọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń ya àwòrán ẹ̀dá nínú òkùnkùn ilé ọmọ láìlo búrọ́ṣì, tí Ó sì ń fún un ní ẹ̀mí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìgbéǹde. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ara wa ni a kọ́kọ́ pa á láṣẹ fún kí á tó pa á fún yín: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí àwọn àgbà, nítorí pé ohun tó dá a sílẹ̀ kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn ìrun Alàásárì ọjọ́ kan, bàbá kan tó máa ń kírun pẹ̀lú wa wọlé tọ̀ wá, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan dání. Ó dà á sórí ẹní níwájú wa. Ère kéékèèké mẹ́rìnlá ló tú jáde, tí gbogbo wọn lè wọ inú ife tíì kan. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù irin, ó yọ idà. Ọ̀kan ní orí màlúù, ó gbé àáké kọ́ èjìká. Bàbá arúgbó kan wà tó di ọ̀pá mú, ejò abìyẹ́ kan wà tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan sì wà tó ní ọwọ́ mẹ́rin, tó jókòó lórí ìtẹ́ bí ọba. Gbogbo wọn ni wọ́n kùn ní ọ̀dà, àwọ̀ wọn sì ń dán bí aṣọ ọdún.

Bàbá náà ní, "Àáfà, ẹ bá mi wò ó o. Òrìṣà ni ọmọ mi ń kùn lóru nínú ilé mi." Ó ti pinnu láti dáná sun wọ́n. Kì í ṣe ìbéèrè ló gbé e wá, àmín ló wá gbà. Ó rán wa létí pé Ànábì Ibrahim (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fọ́ àwọn òrìṣà ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tó mú kí á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀: bàbá tirẹ̀ gan-an ló kó ère ilé wọn dà sí odò lọ́jọ́ tó gba Islam, tí àwọn ẹbí sì yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó ní, "Ohun tí bàbá mi jìyà lé lórí, ọmọ mi ló tún ń gbé e wọlé yìí."

A kò ṣe àmín. A ní kí ó fi àwọn ère náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ó sì rán ọmọ náà sí wa.

Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níhìn-ín ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni àwọn ọmọ wa fi ń sùn tí wọ́n sì fi ń jí. Ó ti kọ́ bí àwọ̀ mẹ́rin péré ṣe ń para pọ̀ lórí ìwé tí gbogbo àwọ̀ ayé fi ń jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìlú Ọba ló mú páálí ère kan wá fún un nígbà tó wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó jókòó, kò sì gbójú sókè. Ó ti tó Jímọ̀ mẹ́ta tí a kò ti rí i ní mọ́sáláṣí. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ti sọ fún gbogbo èèyàn pé abọ̀rìṣà ni mí, sà. Sàfù wo ni n ó dúró sí?"

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè yẹn ló mú wa ṣe ìwádìí. Ẹni tí yóò dájọ́ lórí nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Eré orí tábìlì ni wọ́n ń fi àwọn ère wọ̀nyí ṣe. Àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia, tí apá kan rẹ̀ wà lára Jámánì òní, ti ń lo irú rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn láti fi kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn ní ọgbọ́n ìjà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1913, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì H. G. Wells kọ ìwé òfin fún eré ọmọ ogun kéékèèké. Ní ọdún 1974, eré tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1983 ilé-iṣẹ́ Games Workshop sì gbé Warhammer jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni iwin, òmìrán àti ejò abìyẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọmọ ogun lórí tábìlì. Kí á má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni irú àròsọ bẹ́ẹ̀ ń gbé lọ́kàn: láti ọdún 1938 ni Fágúnwà ti kó irúnmalẹ̀ sínú ìwé fún wa, a sì kà á nílé ẹ̀kọ́, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kò sí ẹni tó bá wa jà. Àwọn èèyàn pọ̀ tí kì í tilẹ̀ ta eré náà rárá. Kíkùn rẹ̀ ni ìgbádùn wọn, ọmọ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ti dáìsì tí wọ́n ń jù nínú eré náà, àwọn onímímọ̀ ní ọ̀rọ̀ líle lé e lórí. Ìyẹn di Jímọ̀ mìíràn.

A ní kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa. Ó kọ́kọ́ ń fọ ère náà kí òróró kúrò lára rẹ̀, yóò wá fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún kí àwọ̀ tó kù lè dì í mú. Lẹ́yìn èyí ni yóò po ọ̀dà dúdú pẹ̀lú omi títí yóò fi ṣàn bí omi ewédú, tí yóò sì jẹ́ kí ó wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀, àárín ìka, abẹ́ àgbọ̀n àti ìṣẹ́po aṣọ, kí òjìji lè dúró níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò wá nu búrọ́ṣì títí yóò fi kù díẹ̀ kó gbẹ, yóò sì fi ra orí ibi tó yọ síta kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn níbẹ̀. Ère kan lè gba òru mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. A gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, a rí bọ́tìnì lára ẹ̀wù tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ó sì kùn ún láìkọjá etí rẹ̀. A kò ní purọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́hun: ó wù wá. Bí ọmọ yìí bá fi irú sùúrù yìí kọ́ Àlùkùránì, yóò há a sórí. Àmọ́ a tún rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, wákàtí mẹ́ta la fi ń wo bọ́ọ̀lù.

Ìgbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan láìmọ bó ti wúwo tó. Ó ní ojú ni òun máa ń kùn kẹ́yìn: ọ̀dà funfun díẹ̀, lẹ́yìn náà àmì dúdú kan ṣoṣo tí a lè fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn. A ní kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Ó ní, "Títí n ó fi fi ojú sí i, kò tíì wà láàyè ni, sà."

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ara wa bù máṣọ. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa pé ẹni tó bá ya àwòrán ohun abẹ̀mí, a ó ní kí ó fẹ́ ẹ̀mí sí i ní Ọjọ́ Ìdájọ́, kò sì ní lè ṣe é. Ìkìlọ̀ yìí kò dá lórí ẹwà tàbí ìbùrẹ́wà ère. Ó dá lórí ohun tí ọkàn ayàwòrán ń sọ fún un nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí. Al-Musawwir, Ẹni tí ń ya àwòrán, wà lára àwọn orúkọ Ọlọ́hun tí a rí ní ìparí Súrà Al-Hashr. Ọmọ Ṣómólú kan, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, kò ní in lọ́kàn láti bá Ọlọ́hun du orúkọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kí ó tó mọ̀. A sọ èyí fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Kí wá ni ìdájọ́? Ìlànà Imam Maliki ni àwọn baba wa gbà kọ́ ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá, òun náà ni wọ́n fi kọ́ wa nílé-kéwú. Ohun tí àwọn onímímọ̀ ìlànà yìí kà léèwọ̀ gidi ni ère ohun abẹ̀mí tó ní òjìji, tó pé ní ẹ̀yà ara, tí wọ́n sì fi ohun tó ń pẹ́ ṣe. Bí ẹ̀yà kan tí ẹ̀dá kò lè wà láàyè láìsí i bá yọ kúrò lára rẹ̀, ó ti bọ́ kúrò nínú èèwọ̀ náà. Èyí tí kò ní òjìji, bí àwòrán ara aṣọ tàbí ìwé, makrúhù ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Èyí tí kì í pẹ́, bí ère tí a fi ìyẹ̀fun pò, Asbagh gbà á láyè, àwọn mìíràn kò gbà. Ẹ rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí kò gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú iná kan náà. Wọ́n jókòó, wọ́n wo òjìji, wọ́n wo ohun èlò, wọ́n wo orí àti ọrùn.

Èèyàn lè ní ike ni ère ọmọ yìí, pé ẹ̀rọ ló sì ṣe é lókèèrè, kì í ṣe òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ike ń pẹ́ ju igi lọ, ẹ bi gọ́tà àdúgbò wa léèrè. Ẹni tó bá sì fi òru mẹ́ta parí ohun tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí i.

Síbẹ̀, hádíìsì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún bàbá yẹn. Abu Dawud gbà á wá pé nígbà tí Ànábì ti ojú ogun dé, afẹ́fẹ́ ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ibi tí ìyá wa Ààíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń kó ohun ìṣeré rẹ̀ sí. Ànábì rí àwọn ọmọlańgidi rẹ̀, ó sì rí ẹṣin kan láàárín wọn tí wọ́n fi awẹ́ aṣọ ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ó bèèrè bóyá ẹṣin a máa ní ìyẹ́. Ìyá wa dá a lóhùn pé ṣé kò tíì gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaiman ní ìyẹ́ ni. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gànjọ́ rẹ̀ fi hàn. Ẹ gbọ́ o: ẹranko tí kò sí láyé, tí ọwọ́ èèyàn rọ, nínú ilé Ànábì, ẹ̀rín ló sì fi pàdé rẹ̀. Ibí ni àwọn onímímọ̀ ti mú un pé ọmọlańgidi ọmọdé kò sí nínú èèwọ̀. Ọmọ ọdún 19 kì í ṣe ọmọdé, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ hádíìsì yìí kò ní tètè pe ohun ìṣeré ní òrìṣà.

A ní ìdí tí a fi ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora. Nígbà tí àwa tí ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà ní ọ̀dọ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orí kan nínú ìwé fíkìhì, a wálé fún ìsinmi, a sì rí àbúrò wa obìnrin tó pọn ọmọlańgidi igi sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. A já a gbà lẹ́yìn rẹ̀, a sọ ọ́ sí abẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ, a sì rò pé a ti ṣe bí Ànábì Ibrahim. A kò tíì kàn ibi tí hádíìsì ẹṣin abìyẹ́ wà nínú ẹ̀kọ́ wa. Àbúrò wa ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí. Títí di òní, bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níwájú rẹ̀, ó máa ń wo ibòmíràn.

Nítorí náà ni a fi sọ fún bàbá náà pé kí ó padà sínú Súrà Maryam. Ohun tí àwọn ará ìlú ń forí balẹ̀ fún ni Ànábì Ibrahim fọ́. Ní ti ará ilé rẹ̀, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ abọ̀rìṣà pọ́nńbélé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó pè é ní "bàbá mi" bó ti ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn áyà náà sì tẹ̀lé ara wọn. Bí ọmọ bá lè fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá bàbá abọ̀rìṣà sọ̀rọ̀, irú ohùn wo ló yẹ kí bàbá fi bá ọmọ Mùsùlùmí tó ń kùn ike sọ̀rọ̀?

Kò sí àní-àní pé ìbẹ̀rù bàbá náà ní gbòǹgbò. Ilẹ̀ ère ni ilẹ̀ wa. Lára àwọn ère ìbejì tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, a rí àwọn tí wọ́n gbẹ́ tírà mọ́ lọ́rùn, nítorí pé ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti wá. Ẹ ronú sí i: ìyá Mùsùlùmí kan tí ìbejì rẹ̀ kú, tó di tírà mú ní ọwọ́ kan, tó sì di ère mú ní ọwọ́ kejì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa jáde láti inú rẹ̀, ó sì ná wọn ní nǹkan. Ẹni tí bàbá rẹ̀ da ère sí odò kò lè fi ojú eré wo ère.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ère ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń bọ. Ní Ọ̀wọ̀, ní àwọn ọdún 1930, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀gún igi sí ère kéékèèké tí kò ju ìka lọ: ẹlẹ́mu lórí ọ̀pẹ, obìnrin nídìí odó. Àwọ̀ ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀ ló ń lò, èyí tó funfun, èyí tó pọ́n àti èyí tó ṣú. Kò sí ẹni tó pa adìyẹ fún wọn. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó jáde láyé ní ọdún 2009, jẹ́ Mùsùlùmí, igi gbígbẹ́ sì ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. A kì í ṣe adájọ́ òkú, ọ̀dọ̀ Olúwa rẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀ wà. A kàn dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ìbéèrè tó ń dààmú ọmọ yìí ti dààmú àwọn tó jù ú lọ.

Ibi tí a wá bá a dé nìyí. Ère ọlọ́wọ́ mẹ́rin orí ìtẹ́ yẹn, ọmọ náà jẹ́wọ́ pé ọlọ́run ni wọ́n ń pè é nínú ìtàn eré náà. A kò bá a jiyàn lórí ìyẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi já orí rẹ̀ níwájú wa. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Màláíkà Jibril ní kí Ànábì jẹ́ kí wọ́n gé orí ère tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ó lè dà bí igi, ohun tí a sì ṣe nìyẹn. Ní ti mẹ́tàlá tó kù, ẹnu àwa àáfà mọ́sáláṣí yìí kò tíì kò. Ẹnìkan nínú wa ní kí gbogbo wọn tẹ̀ lé àkọ́kọ́. Ojú tiwa ni pé kí ọmọ náà má kùn òmíràn tó jẹ́ abẹ̀mí mọ́, kí ọwọ́ tó ń sọ pé òun fún nǹkan ní ìyè lè sinmi. Àwọn tó ti kùn tẹ́lẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ni, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára dáná sun wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù wa ni wọ́n ṣì wà. A tún bá a sọ̀rọ̀ ìrun Àsùbáà, nítorí pé ẹni tó bá kùn ère di aago méjì òru kò ní gbọ́ ìpè ìrun, ẹ̀ṣẹ̀ ìyẹn kò sì nílò àríyànjiyàn àáfà kankan.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ rán an lọ lọ́wọ́ òfo. Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ Ibn Abbas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí wọn) tó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òun ń jẹ, àwòrán ni òun sì ń ṣe. Ibn Abbas ka ìkìlọ̀ Ànábì fún un, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Nígbà tí Ibn Abbas rí i bẹ́ẹ̀, kò lé e. Ó ní bí kò bá lè ṣe kí ó má ṣe é, kí ó ya igi, kí ó ya ohunkóhun tí kò ní ẹ̀mí. A bi ọmọ náà léèrè bóyá irú rẹ̀ wà nínú eré yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú sókè. Ó ní ó wà, ó sì pọ̀: ilé, afárá, àpáta, igbó, ògiri tó ti wó, ọkọ̀, gbogbo ohun tí àwọn ère náà ń dúró lé tàbí sá pamọ́ sí. Ó ní àwọn kan tilẹ̀ wà lókèèrè tí kì í kùn ju ìyẹn lọ.

Jímọ̀ tó kọjá, ó wá. Sàfù kẹta ló dúró sí. Lẹ́yìn ìrun, ó gbé páálí kan sílẹ̀ níwájú àwa àti bàbá rẹ̀. Páálí àjákù tí wọ́n gé dànù ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni ó fi kọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: ìpín kan lára òpópónà Bajulaiye yìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí páànù rẹ̀ ti dípata, gọ́tà, okùn iná tó lọ́ mọ́ra wọn lókè, àti dáńfó aláwọ̀ òféèfèé tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìpata ń jẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀dà dúdú tó pò bí omi ewédú ti wọ gbogbo ibi tó yẹ kí ó wọ̀.

Bàbá náà wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un fi sójú. Ó ní, "Dáńfó yìí dára o. Kọ́ńdọ́ rẹ̀ dà?"

Ọmọ náà ní, "Wọ́n ní kí n má fi èèyàn sí i, bàbá mi."

Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín, kí èjìká kan èjìká.